Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi jẹun, iṣẹ́ tíṣà ni èmi ṣe, n kò sì ṣe òmíràn kún un. Praimárì Wan ni mo kọ́ láti ìgbà èwe mi títí mo fi fẹ̀yìn tì, nílé ìwé kan ṣoṣo, ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó, níbi tí èèyàn ti lè gbọ́ ariwo Ọjà'ba láti ojú fèrèsé. Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀run ni èrè tíṣà wà. Ó jọ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò fẹ́ san nǹkan kan ni. Èmi gba tèmi nílé ayé, ẹ ó sì gbọ́ ibi tí mo ti gbà á.

Rábíátù ni orúkọ mi. Bàbá mi ń rán fìlà nínú agbo ilé wa ní Ọjà'ba, ìyá mi ń ta òwú ìránṣọ. Ọmọ pọ̀ nílé wa, ṣùgbọ́n àwọn tí ó lọ sílé ìwé nínú wa kò pọ̀, nítorí àwọn àgbà kan ń bẹ̀rù pé ìwé yóò gba ọmọ ìmàle lọ́wọ́ wọn. Bàbá mi ní kéwú kò dí ìwé lọ́wọ́, ìwé kò sì dí kéwú lọ́wọ́, ó sì ní kí n máa ṣe méjèèjì. Nígbà tí mo kàwé dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, wọ́n gbà mí sí ilé ìwé yẹn gẹ́gẹ́ bí tíṣà tí kò tíì gba ìwé ẹ̀rí. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n ń san fún mi kò ní ìtàn nínú. Owó náà kéré, nígbà míì ó sì ń pẹ́ kí ó tó dé.

Mádáàmù Rúlà ló ní ìtàn nínú. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó mọ̀, kò sì bínú sí i. Òun ni ọ̀gá ilé ìwé, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, láti ìdílé tí bàbá, ìyá àti ẹ̀gbọ́n ti ń ṣe tíṣà. Obìnrin gíga, gbígbẹ ni, bàtà rẹ̀ kì í dún. Ẹ óò kàn rí i lẹ́yìn yín ni. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́.

Ní sáà àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n kọ́ ọmọ kankan. Mo ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀, mo ń wò ó. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, á ní kí n wá kọ lẹ́tà "a" sójú pátákó. Èmi tí mo rò pé mo ti mọ̀wé, mo kọ "a" títí apá fi ń ro mí.

"Ìdí rẹ̀ kò jókòó. Pa á rẹ́."

Màá pa á rẹ́.

"Èyí ti sanra jù. Pa á rẹ́."

Lọ́jọ́ kan mo lọ sunkún sẹ́yìn ilé. Ó wá bá mi níbẹ̀. Ó ní, "Rábíátù, bí o bá sunkún tán, padà wá. Bí ọmọ bá kọ́ 'a' wíwọ́ lọ́dọ̀ rẹ, wíwọ́ ni yóò máa kọ ọ́ títí ayé rẹ̀." Kò bẹ̀ mí, kò sì gbá mi mọ́ra. Mo nu ojú mi, mo padà sídìí pátákó.

Ó kọ́ mi pé tíṣà kì í kọ ẹ̀yìn sí ọmọdé. Ẹ̀gbẹ́ ni kí n máa gbà kọ̀wé, kí ojú mi kan wà lára wọn. Ó kọ́ mi láti máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, nítorí bí tíṣà bá ń pariwo, ariwo ni àwọn ọmọ á kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwa fúnra wa la ń kun pátákó: a ó lọ èédú, a ó pò ó mọ́ omi ewé ẹ̀gẹ́, ọwọ́ wa á sì dúdú fún ọjọ́ púpọ̀. Ìdérí ìgò àti ọwọ̀ ìgbálẹ̀ la fi ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ṣùgbọ́n òfin tí ó le jù nínú òfin rẹ̀ ni ti orúkọ. Tíṣà gbọ́dọ̀ mọ orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ lórí, ti ọmọ àti ti bàbá. Bí a bá ń pe orúkọ láàárọ̀, kò fẹ́ kí ojú wa wà nínú ìwé. Ó ní, "Ọmọ tí o kò bá mọ orúkọ rẹ̀, o kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ." Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa gbọ́. Bí mo bá ṣi ọ̀kan pè, á fi rúlà kan ilẹ̀kùn.

Mo fara dà á. Lẹ́yìn náà mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà láti gba ìwé ẹ̀rí Gírédì Tú. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ rọ̀ mí lọ́rùn gan-an, èèyàn dáadáa ni wọ́n, n kò sì lè rántí ohun kan tí wọ́n kọ́ mi. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọ̀gá tí ó le, ẹ má tètè sá.

Ìgbà tí mo padà dé ni mo lọ sílé ọkọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọkọ mi, ọmọ agbo ilé ńlá kan ní Bẹyẹrúnkà, jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló ń lọ, ó lè bá pákó ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́ láì sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọkọ mi ló fà á. Orúkọ ló fà á.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ó lè má yé yín mọ́. Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í pe ọmọ tí ó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n bí kí o tó wọlé, ìbáà ṣe pé ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìgbéyàwó rẹ ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, ọkọ rẹ ni. O ní láti wá orúkọ tìrẹ fún un: Akúrúyẹjó, Ìbàdíàrán, Adúmáadán, Bàbá Kékeré. Ẹ̀yẹ ni. Bí o bá sì pe orúkọ rẹ̀ gan-an, àfojúdi ni. Nínú agbo ilé wa, ìyá ọkọ mi ló ń ṣọ́ òfin yìí. Aláró ni, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Kì í bú ìyàwó, kì í sì í bá wọn jà. Ohun tó ṣe ni pé ó kọ́ àwọn ọmọ ilé: "Bí ìyàwó bá pè yín lórúkọ, ẹ má dáhùn. Ẹ jẹ́ kí ó pè é títí." Àwọn ọmọ fẹ́ràn òfin náà púpọ̀. Ojú mi ni ìyàwó kan ṣe dúró lójúde, tó ń pe ọmọ kí ó wá gba ẹ̀kọ, tí ọmọ náà jókòó tí ó ń wò ó, tí kò mira.

Ilé ìwé wa ló sún mọ́ agbo ilé náà jù. Nígbà tí wọ́n wá fún mi ní Praimárì Wan tèmi, àwọn ọkọ mi ló kún ìjókòó. Mo rò pé mo gbọ́n. Láàárọ̀ màá pe, "Fọláṣadé Òjó?" Á ní, "Présẹ́ǹtì, mà." Bí mo bá dé orí àwọn ti ilé wa, màá ní, "Akúrúyẹjó?" Òun á ní, "Mo wà o, Ìyàwó." Kíláàsì á sì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan wà láàárín wọn, Sìdíkátù ni wọ́n sọ ọ́. Eyínfúnjowó ni mo ń pè é nítorí eyín rẹ̀ funfun. Ọdún tó wọ kíláàsì mi gan-an ni eyín iwájú rẹ̀ bọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ ọn lára, a kò lè gbà á padà.

Mádáàmù gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn kò fi rúlà kan ilẹ̀kùn. Ó pè mí sí ọ́fíìsì.

"Rábíátù, ilé ìwé lo wà ni, àbí ilé ọkọ?"

Mo ṣàlàyé fún un.

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n, ọmọ Yorùbá lèmi náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí tíṣà ń pè ní ọkọ, ta ni yóò bá a wí? Àná ni ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé òun kò ní gbálẹ̀, pé ìyàwó òun ló ni kíláàsì."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo wo ojú rẹ̀, mo gbé e mì. Ó ní kí sáà tó parí, kí n máa pe gbogbo ọmọ ní orúkọ tí òbí wọn sọ wọ́n. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò ní kí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwé kan ní ọ̀nà oko, níbi tí n kò ti ní ọkọ kankan nínú kíláàsì. Mo ní ọmọ ọwọ́ nígbà náà, ẹ̀yìn mi ló sì ń wà ní kíláàsì, n kò lè máa pọ̀n ọ́n rìn jìnnà lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá gbé mi lọ sọ́nà oko, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Mo lọ bá ìyá ọkọ mi ní ìdí ìkòkò aró. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyá, wọ́n ní kí n máa pe àwọn ọkọ mi lórúkọ nílé ìwé."

Kò gbójú sókè. "Ṣé ilé ìwé ló fẹ́ ọ ni?"

"Rárá, mà."

"Kí wọ́n tó bí ọkọ rẹ ni mo ti wọ agbo ilé yìí. Àwọn ọmọdé tí mo bá níbẹ̀ ti di baba arúgbó, n kò tíì pe ọ̀kan nínú wọn lórúkọ títí di òní. Ìwọ wá fẹ́ pe àwọn ọkọ tìrẹ lórúkọ nítorí ṣọ́ọ̀kì."

"Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mà."

"Iṣẹ́ pọ̀. Wá máa bá mi pa aṣọ láró."

Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, mo fẹ́ràn ilé ọkọ mi, n kò sì fẹ́ kí ọ̀kan bọ́ nítorí èkejì. Ọkọ mi ní kí n ṣe sùúrù. Sùúrù dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni yóò bá mi pe orúkọ láàárọ̀.

Ó ku díẹ̀ kí sáà parí nígbà tí òjò ńlá kan dé. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri kíláàsì wa láyé àtijọ́, wọ́n kàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú ni, omi sì ti ń jẹ ìdí rẹ̀ ó ti pẹ́. A ń ka ìdérí ìgò lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èèyàn ń fa aṣọ ya. Mo ní kí wọ́n sá jáde. Wọ́n ń sá lọ́wọ́ ni ògiri ẹ̀yìn wó, ó sì fa páànù apá kan àti igi àjà wálẹ̀.

Inú òjò ni mo tò wọ́n sí, ọmọ mi lẹ́yìn mi. Ìwé orúkọ ti wà lábẹ́ ògiri, ṣùgbọ́n Mádáàmù ti kọ́ mi tí n kò fi nílò rẹ̀. Mo ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń dáhùn. Gbogbo wọn pé, àfi ẹnì kan.

"Sìdíkátù!"

Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. N kò ro ti ilé ọkọ rárá. Mo sáré dé ẹnu ibi tí ó wó. "Sìdíkátù! Sìdíkátù o!" N kò gbọ́ nǹkan kan, àfi òjò lórí páànù. Àwọn ọkùnrin ti sáré dé láti ọjà, Mádáàmù sì dúró láàárín wọn, bàtà rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́ bí mo ṣe ń pè tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Tíṣà, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ọmọ yẹn á ti sá lọ sílé. Ẹ jẹ́ ká fa igi yìí wálẹ̀ kó má baà já lu èèyàn."

Wọ́n ti di igi àjà náà mú. Igi yẹn sì ni ògiri tó kù fara tì. Bí wọ́n bá fà á, orí àwọn tábìlì wa ni gbogbo rẹ̀ máa wó sí.

Mo dúró, mo ń wo ọwọ́ wọn lára igi. Ìgbà náà ni mo rántí ọmọ tó jókòó sójúde, tó ń wo ìyàwó tó ń pè é. Mo ní kí wọ́n dúró ná. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe nílé. Mo ní, "Eyínfúnjowó, ọkọ mi, níbo lẹ wà?"

Ohùn kékeré kan dá mi lóhùn lábẹ́ tábìlì. "Ìyàwó, mo wà níbí. Iyẹ̀pẹ̀ bọ́ sí mi lójú."

Àwọn ọkùnrin náà jọ̀wọ́ igi. Wọ́n fi ọwọ́ wa amọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀kan nínú wọn fi lè nà wọlé, ó sì fà á jáde. Apá rẹ̀ kan ti kán, amọ̀ bò ó lórí, ṣùgbọ́n ó ń mí, ó sì ń bèèrè bàtà rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti dé nígbà náà, aró ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló gbá ọmọ náà mọ́ra.

Mádáàmù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ṣé o kò gbọ́ bí tíṣà ṣe ń pè ọ́ ni?"

"Mo gbọ́, mà."

"Kí ló dé tí o kò dáhùn?"

Ọmọ náà wo ojú ẹni tó gbé e dání. "Ìyá Àgbà ní bí ìyàwó bá pe orúkọ wa, ká má dáhùn."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Mo ti ń bínú sí i láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe mí lọ́jọ́ náà ju àánú ara mi lọ. Ikú tó fẹ́ pa ni, bó bá ṣí ni ní fìlà, ká dúpẹ́. Ó ń dúpẹ́ lóòótọ́, ó sì ń nu amọ̀ kúrò lórí ọmọ náà.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó kó gbogbo ìyàwó àti ọmọ ilé jọ. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lé mi ni.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́. Nínú ilé yìí, ìyàwó kò gbọ́dọ̀ pè yín lórúkọ, ìyẹn kò yí padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wọ ọgbà ilé ìwé, tíṣà ni. Ohun tó bá pè yín ni kí ẹ jẹ́. Ẹni tí kò bá dáhùn, kó wá ṣàlàyé fún èmi."

Ó wá kọjú sí mi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò. "Ta ló ń gbé ọmọ ọwọ́ rẹ tí o bá wà níbẹ̀?"

"Mo máa ń pọ̀n ọ́n lọ ni, mà."

"Lábẹ́ ògiri tó ń wó? Máa gbé e wá sí ìdí aró."

Kò fẹ́ràn iṣẹ́ mi títí ó fi kú, kò sì fi pa mọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló ń na ọwọ́ dúdú yẹn gba ọmọ lọ́wọ́ mi, àkọ́bí dé àbíkẹ́yìn, títí tí gbogbo wọn fi wọ ilé ìwé. Bí mo bá wẹ̀ wọ́n nírọ̀lẹ́, màá rí aró lẹ́yìn etí wọn.

Ọ̀pọ̀ nǹkan yí padà lẹ́yìn náà. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ kíláàsì. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, ọmọ pọ̀ débi pé àwọn kan ń jókòó sójú fèrèsé. Síléètì lọ, ìwé dé. Wọ́n gbé pátákó funfun wá, a kò sì kun nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n bírò rẹ̀ a máa gbẹ níbi tí ọ̀rọ̀ bá dùn dé. Ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láyé yìí, òbí á ti orí fóònù bá tíṣà jà kí ọmọ tó délé. Nígbà tí Mádáàmù fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n wá ṣe ọ̀gá ilé ìwé. Mo kọ̀. Iṣẹ́ ọ̀gá kò kan lẹ́tà "a", mo sì ti jìyà púpọ̀ lórí rẹ̀. Bí mo bá kọjá ní Bẹẹrẹ lónìí, ọlọ́kadà á pa ọ̀kadà rẹ̀ kí ó lè kí mi. Màá pe orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, màá sì bá a wí nítorí bó ṣe ń sáré.

Ọmọ-ọmọ ni mo ń tọ́ báyìí, inú mi sì dùn sí i. Bọ́láńlé, ìyàwó ọmọ mi, tíṣà lòun náà, nílé ìwé kan náà. Èkó ni ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí Bọ́láńlé bí àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ọmọ náà ń ṣàìsàn lemọ́lemọ́ níbi tí ó ń gbé e sí, òun fúnra rẹ̀ sì rù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ọmọ lẹ́yìn, bàtà lọ́wọ́.

"Màámi, mo fẹ́ lọ sọ fún wọn lónìí pé mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀."

"Ṣé iṣẹ́ náà sú ọ ni?"

Ó sunkún díẹ̀ kí ó tó dáhùn. "Kò sú mi, mà. Mi ò rí ẹni bá mi gbé ọmọ ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ro iṣẹ́, mo mọ̀ pé owó oṣù lẹ máa kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ bèèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí Mádáàmù kọ́ mi, Gírédì Tú mi àti lẹ́tà "a" mi, kì bá ti ṣe ọmọ ìlú Ìbàdàn kan láǹfààní bí kò bá sí obìnrin kan tí kò fẹ́ràn iṣẹ́ mi, tó sì ń gbé ọmọ mi.

"Ìyàwó mi, tú ọmọ náà sílẹ̀."

"Màámi, ẹsẹ̀ ń dùn yín."

"Ẹsẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ fi pọ̀n ọ́n."

Ó tú ọ̀já. Mo bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ náà sí mi lẹ́yìn, ọmọ sì figbe ta. Bọ́láńlé dúró, ó ń wò wá. Mo ní kí ó wọ bàtà rẹ̀ kí ó máa lọ, kí ó má wẹ̀yìn, nítorí pé ó ti tó àkókò tí wọ́n ń pe orúkọ.